Ẹ̀jẹ̀ Ríru, Ìran àti Wíwú Òpó Ẹ̀jẹ̀ Inú Ọpọlọ Láàrin Àwọn Yorùbá

Àwọn òpó tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn pàdé ara wọn ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, wọ́n sì ya ẹ̀ka púpọ̀ níbẹ̀. Oríta àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń kọlu ògiri òpó jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ògiri ti lè fẹ́lẹ́ títí yóò fi yọ síta, bí ìgbà tí tíúbù kẹ̀kẹ́ bá wú lójú kan nítorí pé rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Wíwú yìí ni ìmọ̀ ìṣègùn ń pè ní àníúrísíìmù. Ìṣirò káàkiri ayé fi hàn pé nǹkan bí àgbàlagbà 3 nínú 100 ni ó ní in, púpọ̀ nínú wọn kì yóò sì mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a tú yí ọpọlọ ká, orí a sì fọ́ onítọ̀hún lójijì, irú èyí tí kò rí rí, kí ó tó dákú tàbí kí ó kú. Láwùjọ Yorùbá, ó rọrùn láti ka irú ikú bẹ́ẹ̀ sí àpẹta tàbí iṣẹ́ ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ inú ara àti inú ìran olóògbé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ sí.

Fọ́nrán méjì ni ó mú ògiri òpó lágbára: kólájìn tí kì í jẹ́ kí ó ya, àti ẹlásítìn tí ń jẹ́ kí ó nà kí ó sì sún kì. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń lu oríta òpó lójoojúmọ́, awọ inú rẹ̀ a bó, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbógun ti àrùn a ya lọ síbẹ̀, èròjà tí wọ́n ń tú jáde a sì máa jẹ àwọn fọ́nrán náà díẹ̀díẹ̀. Sìgá ń mú kí jíjẹ yìí yára. Àwọn obìnrin sì ní in ju ọkùnrin lọ, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù wọn bá ti dá.

Ní ti ìran, ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni ti àrùn tí àpò omi kéékèèké fi ń kún inú kíndìnrín, èyí tí àbùkù jíìnì PKD1 tàbí PKD2 ń fà, tí òbí kan ṣoṣo sì lè fi lé ọmọ lọ́wọ́: nǹkan bí ẹni 1 nínú 10 tí ó ní àrùn yìí ni ó ní àníúrísíìmù pẹ̀lú. Ewu pọ̀ fún ẹni tí méjì nínú àwọn òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ rẹ̀ bá ti ní in. Ní 2020, ìwádìí ńlá kan lórí àwọn aláìsàn tí ó lé ní 10,000 tọ́ka sí ojú ibi 17 nínú àbùdá ènìyàn, ó sì fi hàn pé ewu àjogúnbá yìí tan mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá mímu pẹ́kípẹ́kí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù àti ìlà-oòrùn Éṣíà wá ni a yẹ̀ wò. Ó yẹ kí èyí dun àwọn onímọ̀ ilẹ̀ yìí, nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára èyí tí iṣẹ́ HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, fi ya àwòrán àbùdá ọmọ aráyé. Àbùdá tí gbogbo ayé ń fi ṣe òṣùwọ̀n kò yẹ kí ó ṣàì wúlò fún àwọn tí ó ni ín.

Èrò kan ti pẹ́ nínú ìwé ìṣègùn pé àníúrísíìmù ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà. Láti 1962 tí Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ibẹ̀ rí. Òtítọ́ ni ohun tí wọ́n kọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó dé iwájú wọn nìkan ni wọ́n lè kọ. Ẹni tí ó kú sílé kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn, àwọn ẹbí kì í sì í fẹ́ kí a la òkú wọn wò. Lóòótọ́, ọ̀dọ́ pọ̀ ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ àgbà ni àníúrísíìmù ń bẹ́ sí lára jù, èyí sì lè jẹ́ apá kan ìdí tí ó fi dà bí ẹni pé ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n kò tó láti sọ pé ìran dúdú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí àwòrán àbùdá kò tilẹ̀ tíì pé, ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe ti hàn. Ìwádìí SIREN tí Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, fi àwọn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye kan náà tí kò kọlù, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sì ga jù lọ nínú gbogbo ohun tí ń fa ewu. Lóòótọ́, kì í ṣe àníúrísíìmù nìkan ni ó wò, ṣùgbọ́n agbára kan náà ni ó ń lu ògiri òpó.

Ṣùgbọ́n ẹni tí àníúrísíìmù bá bẹ́ sí lórí ní Agbabu, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní láti kọ́kọ́ gba ọ̀nà Ore kí ó tó máa wá ìlú ńlá tí a ti lè ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ tí ó ṣáájú ìbẹ́ ni ó lè gba ẹ̀mí là níbẹ̀. Àwọn tí ń múra ìgbéyàwó ti mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn bi ara wọn bóyá AA, AS tàbí SS ni ẹ̀jẹ̀ wọn, kí wọ́n má baà bí ọmọ tí ó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde. Irú ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa bi ẹni tí ó bá wá wọn ìfúnpá: ta ni ó kú lójijì nínú ẹbí pẹ̀lú orí fífọ́, ta sì ni kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́? Bí ìdáhùn bá mú ìfura wá, ẹ̀rọ síkáànù tí a fi ń wo oyún tó láti fi wo kíndìnrín onítọ̀hún, kí a lè mọ ẹni tí ó yẹ kí owó àwòrán ọpọlọ kọ́kọ́ lọ sórí rẹ̀.