Ìgándò Kí Ilé Tó Gba Oko

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òyìnbó ló kọ́ wa bí a ṣe ń gbọnsẹ̀ ní mímọ́, ẹ bi í bóyá ó mọ Ìgándò nígbà tó ṣì jẹ́ oko.

Oko Àwórì ni ọ̀pọ̀ ibi tí à ń pè ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí, tí Ìgándò wà nínú rẹ̀, abà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà. Ìyá ìyá mi gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo níbẹ̀. Ọkọ́ kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn abà rẹ̀ tí a kì í fi ro oko. Òun lèèyàn ń mú dání bí inú bá ń rọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kì í gbọnsẹ̀ sí ẹ̀bá odò, nítorí ibẹ̀ la ti ń pọn omi mímu. O ó wọ inú igbó lọ, o ó gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, bí o bá sì ti ṣe tán, o ó wa erùpẹ̀ bò ó kí eṣinṣin má rí i bà lé. Ṣùkù àgbàdo tàbí ewé la fi ń nùdí. Mùsùlùmí a gbé bùtá rẹ̀ dání. Ọmọ tí kò mọ ewé, tó lọ já ẹsìsì, igbe rẹ̀ ni gbogbo abà fi ń mọ ibi tó wà!

Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń pàgọ́ sínú igbó ní Amẹ́ríkà lónìí náà nìyẹn: ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó sì fi nǹkan bíi mítà 60 jìnnà sí omi. Ìyá àgbà kò fi rúlà wọn tirẹ̀.

Ìlú Èkó ní agbépòó ní tirẹ̀ nígbà náà, tó ń fi òru ru garawa ìgbẹ́. Ẹni tó bá bú u, ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún ni agbépòó máa ń dà á sí. Agbépòó kò dé oko wa. Wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba, ló dé. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, tó bá àjàkálẹ̀ àrùn eku jà ní Èkó láàrin 1924 sí 1930, ló dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá fún irú iṣẹ́ wọn. Wolé-wolé á yọjú wo ìkòkò omi, á yọjú wo ṣálángá. Bí ṣálángá kò bá ní ìdérí, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì. Nínú ìkànìyàn 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́. Igbó tán, ọkọ́ kékeré kò níṣẹ́ mọ́. Mo mọ ilé tí ayálégbé yàrá mẹ́wàá ń tò síwájú ṣálángá kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá lè dúró, inú ọ̀rá ló ń ṣe é sí, gọ́tà ló sì ń jù ú sí lóru. Ewé ìyá àgbà ń jẹrà. Ọ̀rá kì í jẹrà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìgándò nìkan: ní oṣù kọkànlá 2018, ìjọba àpapọ̀ kéde ìlú-ò-fararọ lórí ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó.

Ẹ̀yin onílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó tó kí ẹ tó gba owó ilé, kí ẹ sì jẹ́ kí kànga jìnnà sí ṣálángá.