Ọwọ́ Ta Ní Ń Gbé Ibùsùn Sókè?

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé bẹ́ẹ̀dì ni òpìtàn fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ogun, oyè àti òwò ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ayé ènìyàn ni ó ń lò lórí ibùsùn. Orí rẹ̀ ni a ti bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, orí rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa yóò ti dágbére fáyé. Ohun tí ó gba ibi púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìgbésí ayé kò kéré fún ìtàn.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó fà á tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́; bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, kì í lè mí dáadáa. Dókítà ní kí ó máa sùn pẹ̀lú orí àti àyà lókè. Àwọn ọmọ rẹ̀ dá owó jọ láti ra ibùsùn olówó ńlá kan fún un, irú èyí tí ń fi agbára iná mànàmáná gbé orí àti ẹsẹ̀ sókè, tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ń yọ jáde láti inú pákó ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó ń gbọ̀n rìrì láti na ara fún ẹni tí ó rẹ̀, tí a sì ń fi fóònù alágbèéká pàṣẹ fún. Wọ́n ní kí n bá àwọn yàn án. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí: "Àbúrò, ọwọ́ ta ni yóò máa gbé e?" Mo rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí mo tọpa ìtàn ibùsùn yìí dé òpin ni mo tó rí i pé òun ni ó béèrè ìbéèrè tí ó yẹ kí olùrà béèrè.

Láti ọwọ́ ẹbí dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì

Kí irin tó dé, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń gbé orí aláìsàn. Nínú agbo ilé wa, ọmọ tàbí aya a jókòó sẹ́yìn aláìsàn, a fi àyà gbé e ró. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, wọn a ká aṣọ àti ìrọ̀rí jọ sí i lẹ́yìn. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọ̀rọ̀ orí ọmọ tuntun ti rí ni ti orí aláìsàn rí: ẹnì kan ní láti wà nítòsí.

Ní ọdún 1900, Dókítà George Ryerson Fowler, oníṣẹ́ abẹ kan ní Brooklyn ní ìlú New York, kọ̀wé lórí àwọn aláìsàn tí ọyún kún inú ikùn wọn. Ó ní bí a bá gbé orí àti àyà wọn sókè, ọyún náà yóò ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn, níbi tí ewu rẹ̀ ti dínkù. Ẹ rántí pé ayé kò tíì ní penisilíìnì nígbà náà. Bí a ṣe tẹ́ aláìsàn jẹ́ ara oògùn rẹ̀. Di òní olónìí, orúkọ Fowler ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń pe irú ìdùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀: ẹni tí a bá gbé orí rẹ̀ sókè a máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ká jọ sí ìdí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà Willis Dew Gatch ni ó wá ojútùú sí èyí. Ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọ̀dọ́ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore nígbà tí ó gbé ibùsùn rẹ̀ jáde ní 1909. Ó pín ojú ibùsùn sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì fi oríkèé irin so wọ́n pọ̀. Apá kan ń gbé ẹ̀yìn ró, èkejì ń gbé orúnkún sókè, ẹ̀kẹta sì wà fún ẹsẹ̀. Orúnkún tí ó ká yìí ni kò jẹ́ kí aláìsàn yọ̀ mọ́. Gatch padà di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Indiana, ó sì wà ní ipò náà títí di 1946, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì yìí ni orúkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí á fiyè sí. Lára irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ tí ó tàn ká ilé ìwòsàn, ìdí ẹsẹ̀ ni irin tí a ń fi ọwọ́ yí sábà máa ń wà, ibi tí ọwọ́ aláìsàn kò lè dé. Ọwọ́ ẹbí ti kúrò níbẹ̀, ti nọ́ọ̀sì ti rọ́pò rẹ̀. Aláìsàn tí ó bá fẹ́ jókòó lóru ní láti pe ẹnì kan, kí ó sì dúró dè é.

Ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀

Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1946, Howard Hughes, ọlọ́rọ̀ tí ń kọ́ ọkọ̀ òfuurufú, já lulẹ̀ ní Beverly Hills nínú ọkọ̀ òfuurufú tí òun fúnra rẹ̀ ń dán wò. Ó fara pa púpọ̀, iná sì jó o. Nígbà tí ó wà lórí àìsàn, ó ní kí àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀dì kan tí a pín sí ọ̀nà mẹ́fà, tí 30 ẹ̀rọ kéékèèké oníná mànàmáná ń gbé, tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò máa fi bọ́tìnnì darí. A gbọ́ pé Hughes kò sùn lórí rẹ̀ rárá. Síbẹ̀, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, bẹ́ẹ̀dì oníná mànàmáná tàn ká ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà, bọ́tìnnì rẹ̀ sì wà nítòsí ọwọ́ aláìsàn.

Lójú mi, ìyípadà tí ó tóbi jù nínú ìtàn yìí nìyí. Ẹni tí kò lè dìde lè gbé orí ara rẹ̀ sókè ní òru láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe; bọ́tìnnì kékeré yẹn dá díẹ̀ nínú iyì ọwọ́ padà fún ẹni tí àìsàn ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbádùn wọlé

Láàárín àkókò kan náà, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ń wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, bọ́tìnnì sì ń tẹ̀ lé e. Ní 1950, ilé iṣẹ́ Zenith gbé rìmóòtù kan jáde tí wáyà so mọ́ ẹ̀rọ náà. Ní 1955, Eugene Polley ṣe èyí tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní 1956 ni ti Robert Adler dé, tí ń fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ti Adler, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àjèjì nìkan.

Láti ìgbà náà ni bẹ́ẹ̀dì ti ń gba ohun tí kì í ṣe ti aláìsàn mọ́ra. Ní Chicago, Hugh Hefner, oníwèé ìròyìn, ní bẹ́ẹ̀dì róbótó kan tí iná mànàmáná ń yí po, orí rẹ̀ ni ó sì ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1966, Charles Yost ṣe fóòmù tí ń gba bátànì ara fún ìjókòó ọkọ̀ òfuurufú, lábẹ́ iṣẹ́ tí NASA gbé fún un. Irú fóòmù bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tìmùtìmù olówó ńlá lónìí. Nígbà tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán sì kúrò ní àpótí ńlá, tí ó di pẹlẹbẹ, ó ṣeé ṣe láti fi pamọ́ sínú pákó ìdí ẹsẹ̀.

Ọwọ́ tí ó jìnnà

Ìpele tí ó kẹ́yìn ni ó kàn wá jù. Àwọn bẹ́ẹ̀dì kan wà báyìí tí àṣẹ wọn kì í ti ọwọ́ ẹni tí ó sùn lọ tààrà sí ara ẹ̀rọ. Ó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá kan ní ibi jíjìnnà, kí ó tó padà wá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Amazon ní Virginia dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ra irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ kò lè darí rẹ̀ mọ́: ti àwọn kan gbóná ju bí wọ́n ti fẹ́, ti àwọn mìíràn kò sọ̀kalẹ̀ láti ibi tí ó gbé orí sókè dé. Wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì tiwọn, nínú yàrá tiwọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é tó wá ọ̀nà tí fóònù yóò fi máa bá bẹ́ẹ̀dì sọ̀rọ̀ tààrà bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí a dé ọjà ní Èkó, ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn àkọ́kọ́, wọ́n gbé e sókè, amóhùnmáwòrán yọ jáde, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó wá sọ fún ọmọ tí ń tajà pé, "Jọ̀ọ́, pa iná yẹn." Ọmọ náà pa á. Ibùsùn dúró gan-an síbi tí ó wà. Orúnkún ẹ̀gbọ́n mi wà lókè, kò lè sọ̀kalẹ̀. Èmi àti ọmọ rẹ̀ ni a gbé e kúrò. Ibùsùn kejì kò ní amóhùnmáwòrán. Ṣùgbọ́n bátìrì kéékèèké méjì oní-fólítì 9 wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa iná, ó rọra tẹ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ. Èyí ni a rà. Ara ògiri ni a gbé amóhùnmáwòrán kọ́, nítorí pé bí ó bá bàjẹ́, a lè pààrọ̀ rẹ̀ láìfọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì. Bátìrì yẹn ń tẹ́ ibùsùn ni, kì í gbé e sókè. Nítorí náà a ra ìrọ̀rí onígun mẹ́ta kan tì í, tí yóò gbé àyà rẹ̀ ró bí iná bá lọ lóru.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ìgbádùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á tó ka iye ohun tí ibùsùn lè ṣe, kí á kọ́kọ́ béèrè ohun tí yóò ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹni tí ó sùn bí iná bá lọ tàbí bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já. Kí á sì rántí pé ẹ̀rọ kò rọ́pò ènìyàn pátápátá: ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, tí a gbé orí rẹ̀ ju dígírì 30 lọ fún ìgbà pípẹ́, egbò lè dá sí i ní ìdí, àfi kí ọwọ́ ènìyàn máa yí i padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé ibùsùn náà délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú yàrá bàbá rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ dára, ṣùgbọ́n òun yóò wà nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jiyàn.