Fèrèsé Ilé ní Chicago: Èyí Tó Lè Kojú Òtútù àti Ooru

Fèrèsé tó ń dènà òfò ooru ni èyí tí wọ́n ṣe lọ́nà tí ooru inú ilé kò fi ní tètè jáde nígbà òtútù, tí ooru ìta kò sì fi ní ráyè wọlé nígbà tí oòrùn bá mú. Chicago, ní ìpínlẹ̀ Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wà lára ìlú tí irú fèrèsé yìí ti ṣe kókó jù lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló sì ń gbé ibẹ̀. Lọ́jọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1985, òtútù ibẹ̀ lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 33 Celsius nísàlẹ̀ òdo. Nínú oṣù Agẹmọ ọdún 1995, ooru pa èèyàn tó lé ní 700 níbẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára sọ pé ooru tó ń gba ojú fèrèsé wọlé tàbí jáde ló ń kó ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń mú ilé gbóná tàbí tutù.

Ọ̀nà tí ooru ń gbà kọjá

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Ooru ń gba ara gíláàsì àti férémù fúnra wọn. Ìtànṣán oòrùn ń gbé e wọlé. Afẹ́fẹ́ sì ń gbé e gba àlàfo etí fèrèsé. Ó rọrùn láti rí ìkẹta yìí: kí wọ́n ká kọ́tìnì kúrò, kí wọ́n mú àbẹ́là tí wọ́n tàn sún mọ́ etí fèrèsé lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ibi tí iná rẹ̀ bá ti ń mì lọ́tùn-ún lósì, ibẹ̀ ni àlàfo wà.

Gíláàsì

Gíláàsì ẹyọ kan kò lè dá òtútù Chicago dúró. Onípele méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ, pẹ̀lú àlàfo tó tó nǹkan bíi mìlímítà 12 láàárín ìpele kan sí èkejì. Gáàsì argon ni wọ́n sábà máa ń fi kún àlàfo náà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ooru kì í sì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá bíi ti afẹ́fẹ́ lásán.

Lẹ́yìn ọ̀wọ́n epo ọdún 1973, àwọn onímọ̀ ní Lawrence Berkeley National Laboratory ní California ṣe ìwádìí lórí gíláàsì tí wọ́n ń pè ní low-e. Fàdákà tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò lè rí i ni wọ́n ń tẹ́ sára irú gíláàsì bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n fàdákà náà ń dá ooru inú yàrá padà sínú yàrá.

Férémù

Alumíníọ̀mù lágbára, àmọ́ ooru máa ń tètè gba ara rẹ̀ kọjá. Àfi èyí tí wọ́n bá fi ohun tí kì í gbé ooru pín inú rẹ̀ sí méjì. Igi, PVC àti fáíbà gíláàsì sàn jù ú lọ. Fáíbà gíláàsì máa ń fẹ̀, ó sì máa ń súnkì pẹ̀lú gíláàsì ní ìwọ̀n tó fara jọra, nítorí náà etí rẹ̀ kì í tètè là. Fèrèsé tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn máa ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà etí rẹ̀ pinpin bí wọ́n bá tì í; èyí tí wọ́n ń gbé sókè sódò tàbí tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í sábà dí tó bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà ara fèrèsé

Àjọ NFRC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1989, ló ń bójú tó ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé tuntun. Nọ́ńbà U ń sọ bí ooru ṣe ń yára jáde tó. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Gíláàsì ẹyọ kan máa ń wà ní nǹkan bíi 1, onípele méjì lásán ní nǹkan bí 0.5. Láti ọdún 2023, 0.22 ni ENERGY STAR, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí ohun èlò tí kì í fi agbára ṣòfò, ń béèrè fún ẹkùn àríwá tí Chicago wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fàyè gba èyí tó fi díẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ bí fèrèsé náà bá ń gba ooru oòrùn wọlé dáadáa. Nọ́ńbà SHGC ló ń sọ bí ooru oòrùn tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, láti 0 dé 1. Kí oníbàárà má fi U ti Amẹ́ríkà wé ti Yúróòpù ní tààrà, torí òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀: 0.22 ti Amẹ́ríkà tó nǹkan bí 1.25 ti Yúróòpù.

Ìhà tí fèrèsé kọjú sí

Ní Chicago, oòrùn ọ̀sán oṣù Ọ̀pẹ máa ń wà nísàlẹ̀ níhà gúúsù, ní nǹkan bí ìwọ̀n 25. Ti oṣù Òkúdù máa ń ga dé nǹkan bí ìwọ̀n 71. Nítorí náà, fèrèsé gúúsù tó ní SHGC gíga, tí òrùlé sì yọ bò lókè, á gba oòrùn wọlé nígbà òtútù, á sì wà lábẹ́ òjìji nígbà ooru. Ti ìwọ̀ oòrùn nílò SHGC kékeré, nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í ga, òrùlé kò sì lè dí i. Ti àríwá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn. U rẹ̀ ni kí wọ́n wò.

Fífi sójú ògiri àti ìtọ́jú

Fèrèsé tó dára jù lọ á di òfo bí káfíńtà kò bá dí etí rẹ̀ dáadáa. Fóòmù tí kì í wú jù ni kí ó lò, nítorí èyí tó ń wú gan-an lè tẹ férémù wọ́, kí fèrèsé má sì tì mọ́. Bí ìrì bá ń sẹ̀ sára gíláàsì níhà yàrá, ọ̀rinrin ti pọ̀ nínú ilé tàbí kí gíláàsì náà tutù jù. Bó bá jẹ́ àárín ìpele méjì ló ti ń sẹ̀, etí gíláàsì náà ti là nìyẹn. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó láti pààrọ̀ gbogbo fèrèsé lè kọ́kọ́ dí àlàfo etí wọn, kó wá fi fèrèsé kejì tó ní low-e bo ti àtijọ́. Ìnáwó rẹ̀ kéré sí ti fèrèsé tuntun, ara ilé á sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kí ìgbà òtútù kan tó parí.