Àwọn Tó Mọ Ibi Tí Òkúta Fẹ́ Là Sí

Ọdún 1971 ni kúárì Rubislaw ní ìlú Aberdeen, ní Skọ́tlándì, kógbá sílé. Ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti ń wa gíránáìtì níbẹ̀, ihò náà sì ti jìn tó mítà 142 kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún omi. Iṣẹ́ àti owó tó bá a lọ ni èèyàn kọ́kọ́ máa ń rántí. Lójú tèmi, ìmọ̀ kan wà tó ń bá irú kúárì bẹ́ẹ̀ wọlẹ̀ lọ níbi gbogbo, ìyẹn ìmọ̀ ìhà tí òkúta fẹ́ là sí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń la gíránáìtì kí ẹ̀rọ tó gbòde. Wọ́n á lu ihò kéékèèké sórí òkúta ní ìlà kan, wọ́n á ki irin pẹlẹbẹ méjì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ti irin ṣóńṣó bọ àárín méjèèjì. Òòlù á máa bọ́ sórí àwọn irin ṣóńṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, wọ́n á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìró irin á máa yí padà bó ṣe ń há sí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á sì dúró díẹ̀, nítorí ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí òòlù bá dákẹ́ ni òkúta ń là. Irú àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ń fi òkúta tí a gé lára ṣe lónìí ni èyí látòkèdélẹ̀: ihò ni ojú gígé, irin ṣóńṣó ló ń di ẹrù rù ú.

Ṣùgbọ́n gíránáìtì ní ìhà mẹ́ta: ọ̀kan tó máa ń là wẹ́rẹ́, èkejì tó ṣòro díẹ̀, àti ẹ̀kẹta tó máa ń ṣagídí. Òṣìṣẹ́ kúárì ní orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kódà níbi tí ojú àlejò kò ti rí ìyàtọ̀ kankan. T. Nelson Dale, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde ní 1909 lórí gíránáìtì Vermont, ó sì kọ àwọn ìhà yìí sílẹ̀ láti kúárì dé kúárì. Ohun tó ń fà á ni àwọn ibi tó ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú òkúta, tí ọ̀pọ̀ wọn kọjú sí ìhà kan náà.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò gbà mọ bí nǹkan ṣe ń là kò kọjá ní kúárì rárá. Ní 1913, C. E. Inglis ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí ihò lára irin pẹlẹbẹ tí a ń fà. Bí ihò bá rí roboto, agbára tó ń fà á ya létí ihò á jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ibi tó jìnnà sí i. Bí gígùn ihò bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ìbú rẹ̀, tó sì dábùú ìhà tí a ń fà á sí, á di ìlọ́po 21. Wàhálà dé: bí etí bá mú dé góńgó, ìṣirò ní agbára náà kò lópin, a jẹ́ pé ó yẹ kí gbogbo ohun tó bá sán ti fọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. A. A. Griffith, tó ń ṣiṣẹ́ ní Farnborough níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ òfuurufú wò, tú ìdè yìí nínú ìwé tó jáde ní 1921. Ìbéèrè tirẹ̀ ni bóyá agbára tó ti wà nípamọ́ lára ohun náà tó láti ṣí ojú tuntun sílẹ̀. Dígí ló fi dán an wò. Ní 1957, G. R. Irwin sọ ọ́ di iye kan tí a lè wọ̀n.

Irin ni wọ́n ń rò jù ní gbogbo ìgbà yìí. Ó di 1988 kí àjọ àwọn onímọ̀ nípa àpáta lágbàáyé, ISRM, tó gbé ìlànà ti òkúta jáde. Lára irin, a lè rọra mú kí ojú gígé sán díẹ̀ nípa fífà á àti dídẹ̀ ẹ́ léraléra. Òkúta lè kán pátápátá mọ́ wa lọ́wọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i wú mi lórí. Wọ́n á fi ayùn gé òkúta láti ìhà méjì, kí ibi tó kù láàárín lè rí bíi lẹ́tà V. Góńgó V ni yóò ti kọ́kọ́ sán. Bó ṣe ń sán lọ ni ibi tó kù láti là ń fẹ̀ sí i, a ó sì máa fi kún ẹrù kó tó tún lọ síwájú. Òkúta fúnra rẹ̀ ló wá ṣe ojú sísán tó mú yẹn, ẹrù tó ga jù lọ nìkan ló sì kù fún wa láti kà. Ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014 tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdajì àwo òkúta, ojú ayùn kan láàárín, a gbé e lé ìdúró méjì, a tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Ọ̀pọ̀ gíránáìtì ń fún wa ní iye agídí tó wà láàárín 1 sí 2 MPa√m.

Àmọ́ ayùn kì í gé góńgó. Etí ojú ayùn máa ń yí roboto díẹ̀, bí roboto náà bá sì ṣe tóbi tó ni òkúta á ṣe gba ẹrù tó kó tó là. Ẹni tó fi irú rẹ̀ wọ̀n ọ́n á rò pé òkúta òun lágídí ju bó ṣe rí lọ. Àwọn onímọ̀ méjì, Neuber àti Peterson, ti ro ọ̀rọ̀ yìí nípa irin tipẹ́. David Taylor ti Trinity College ní Dublin sọ ọ́ jí, ó sì kó o jọ sínú ìwé kan ní 2007. Wọ́n ní kí a má wo etí gan-an. Kí a wọ inú òkúta lọ díẹ̀ láti etí náà, kí a fi agbára tó wà níbẹ̀ ṣe ìdájọ́. Fún ọ̀pọ̀ òkúta, ìwọ̀n díẹ̀ yẹn kò ju mìlímítà mélòó kan lọ. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Cantabria ní Spéìnì dán an wò lára oríṣiríṣi òkúta, ó sì bá ohun tí wọ́n rí mu dáadáa. Ojú gígé tí roboto etí rẹ̀ kéré gan-an sí ìwọ̀n yẹn, ojú sísán gidi ni òkúta kà á sí.

N kò ní bu iṣẹ́ yìí kù. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe sábà ń lò ó, wọ́n ń gbà pé òkúta rí bákan náà níhà gbogbo. Nígbà tí Nasseri àti Mohanty ní Yunifásítì Toronto wọn gíránáìtì Barre, láti Vermont, tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2008, agídí rẹ̀ yàtọ̀ gedegbe láti ìhà sí ìhà. Ẹ̀rọ olówó ńlá wá jẹ́rìí sí ohun tí àwọn tó di òòlù mú ti mọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú.

Wáyà onídáyámọ́ńdì ni mo dá lẹ́bi jù fún bí ìmọ̀ yìí ṣe ń pòórá. Wáyà kì í bèèrè ìhà kó tó gé òkúta, ẹni tó ni kúárì kò sì rí ìdí láti sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Kí n má ṣe bí ẹni pé ayé àtijọ́ tuni lára: eruku òkúta ba ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ agbẹ́kùúta Barre jẹ́, ó sì pa wọ́n láìtọ́jọ́. Kò sí aláròjinlẹ̀ tí yóò ní kí iṣẹ́ náà padà sí bó ṣe wà.

Ohun tó dùn mí kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òkúta lè dé yàrá àyẹ̀wò bí òpó kékeré tí ẹ̀rọ lu jáde, láìsí àmì kankan lára rẹ̀. Ẹni tó gbà á lè gé ojú ayùn tó péye, kó ka ẹrù tó ga jù lọ, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ń gbẹ́ ihò ojú irin lábẹ́ òkè wá gbé iye náà lò. Ọfà kan tí a fi ọ̀dà fà kí òkúta tó kúrò nílẹ̀ ì bá ti tó, bí ẹni tó yẹ kó fà á bá ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n lè fi ìgbì ohùn wá ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà lára òkúta, torí ohùn kì í yára bákan náà níhà gbogbo. Ìyẹn á sọ bí wọ́n ṣe wà lára òpó náà. Kò lè sọ ibi tí wọ́n kọjú sí nínú ilẹ̀ tí a ti yọ ọ́.