Ọmọ Halloween àti Egúngún Ìgbòho

Ní oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, àǹtí mi tó ń gbé ní Èkó fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá mi. Wọ́n ti wọ aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ fún ọmọ náà, wọ́n fi dúdú kun ojú rẹ̀, ó sì gbé ike kan tó kún fún súìtì dání. Halloween ni wọ́n ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dára. Bàbá mi yìí kan náà ni kò jẹ́ kí n tẹ̀lé egúngún rí ní Kìṣí níbí. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni Halloween, ìyẹn àìsùn ọjọ́ tí àwọn Kristẹni yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ireland ti ń ṣe ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Samhain tipẹ́, nígbà tí ìkórè bá parí tí òtútù bá ń wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn tálákà a máa lọ láti ilé dé ilé ní àsìkò yìí, wọn a gba àkàrà òyìnbó kékeré, wọn a sì gbàdúrà fún òkú onílé. Ní Ireland àti Scotland, ọmọ tó bá para dà gbọ́dọ̀ kọrin tàbí kí ó ké ewì kí wọ́n tó fún un ní èso ápù. Wọn kì í gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1845 lé ọ̀pọ̀ ará Ireland lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àṣà náà dání. Ìhàlẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà báyìí, pé ẹ fún wa ní nǹkan dídùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó ṣe yín níbi, kò tíì pẹ́ rárá. Ẹ̀yìn 1910 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn nínú ìwé ìròyìn Kánádà.

Mo sọ èyí fún ìyá àgbà. Wọ́n ní, "Ṣebí egúngún náà nìyẹn." Ará ọ̀run ń wọ agboolé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń súre, ó ń jó, wọ́n sì ń fún un lówó àti obì. Àwọn ọmọdé a máa fi àkísà ṣe tiwọn.

Ìtàn tó yà mí lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ ní Ìgbòho, tí kò jìnnà sí wa. Samuel Johnson ló kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921 (àlùfáà ìjọ sì ni o). Lẹ́yìn tí Tápà ti lé àwọn Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, Ìgbòho ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ padà sílé, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kò fẹ́ kúrò. Wọ́n bá rán abuké, àfín, aràrá, arọ àti àwọn mìíràn lọ sí ahoro ìlú náà ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n máa ṣe bí iwin, kí wọ́n máa ké lóru pé kò sí àyè. Ẹ̀rù ba àwọn tí ọba rán lọ wo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Abípa rán ọdẹ lọ, wọ́n sì mú gbogbo iwin náà wá láàyè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: àwọn ìjòyè ńlá ló ṣe Halloween tiwa! Inú mi kò dùn sí bí wọ́n ṣe fi àléébù ara àwọn ẹlòmíràn dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi gbọ́ ìtàn náà, wọn kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi gé ihò ojú sára àpò ìrẹsì, ó gbé e wọ̀, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyá àgbà, ó na ọwọ́.

"Kí lo máa jó fún mi?" ni ìyá àgbà bi í.

Ó jó títí àpò fi ya. Wọ́n fún un ní igba náírà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, bàbá mi ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.