Owó orí

Orí ni orúkọ yìí ń kà, bí ẹni pé ti àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ l'Áyétòrò àti ti oníṣòwò ńlá ní Ìlaròó dọ́gba. Owó orí wà lára ohun tó bí ogun Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968. Orúkọ náà ò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó ń wọlé fúnni ni òfin ń wò báyìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbà á, àmọ́ Abuja ni wọ́n ti dìbò lórí òfin 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026. Kò sí kọ́bọ̀ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń gòkè dé 25. Tí olùkọ́ bá ní mílíọ̀nù kan tí owó orí kàn, lára 200,000 tó lé nìkan ni wọ́n ti máa bù ú: 30,000 náírà. Èyí tọ́ lójú mi. Àmọ́ kí ìjọba ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jà Ayétòrò, lédè tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gbọ́.