Èéfín Kò Mọ Ààlà: Ìtàn Òfin Tí Ó Tún Afẹ́fẹ́ Yúróòpù Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù lára ní ọ̀rúndún ogún, nígbà tí èéfín ilé iná mọ̀nàmọ́ná sọdá òkun lọ ba omi ẹlòmíràn jẹ́. Ìtàn náà fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni kí a lé èéfín jìnnà, ọ̀tọ̀ ni kí a dín in kù.

Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ di ẹkún. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, òtútù mú gidigidi, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, atẹ́gùn tí ó móoru sì wà lókè, ó dé ìlú náà mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ti í dé ìkòkò. Èéfín èédú inú ilẹ̀ tí wọ́n ń dá nínú ilé, àti ti àwọn ilé iná bí èyí tí ó wà ní Battersea, kò rí ọ̀nà lọ. Ọ̀sán ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìṣirò ìgbà náà ni pé nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó kú. Àwọn onímọ̀ tí ó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn náà sọ pé wọ́n lè tó 12,000.

Ní 1956, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbé Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́ kalẹ̀. Òfin yìí gbógun ti èéfín dúdú, pàápàá ti inú ilé. Ṣùgbọ́n gáàsì imí-ọjọ́, tí ojú kò rí, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Àwọn aláṣẹ iná kọ́ ilé iná ńláńlá sí ìgbèríko, wọ́n sì mú ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde ga sókè. Ti Drax, ní Yorkshire, ga tó mítà 259. Afẹ́fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù mọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbá ìdọ̀tí sí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò kò tíì gbálẹ̀.

Atẹ́gùn gbé gáàsì náà, pẹ̀lú ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, lọ sí àríwá. Ó pò mọ́ ìkùukùu, ó di ásíìdì, ó sì rọ̀ bí òjò kíkan sórí Nọ́wè àti Swídìn, níbi tí ilẹ̀ olókùúta akọ kò ní ẹfun tí ó lè pa kíkan náà. Ní 1967, Svante Odén, onímọ̀ ilẹ̀ ará Swídìn, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òkèèrè ni ìdọ̀tí yìí ti ń wá. Ẹja sámọ́nì tán nínú ọ̀pọ̀ odò ní gúúsù Nọ́wè.

Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Geneva ní 1979 kò dá iye kankan. Ní Helsinki ní 1985, orílẹ̀-èdè 21 gbà láti dín imí-ọjọ́ kù ní ìdá 30 nínú 100. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀, ó ní ẹ̀rí kò tíì tó. Ó di 1988 kí òfin àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó dé orí àwọn ilé iná ńlá. A pàṣẹ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó dín iye ti 1980 kù ní ìdá 20 nínú 100 títí di 1993, ìdá 40 títí di 1998, àti ìdá 60 títí di 2003.

Nígbà náà ni ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín dé Drax. Wọ́n ń lọ òkúta ẹfun, wọ́n ń pò ó mọ́ omi, wọ́n sì ń fọ́n ọn sí èéfín, kí ẹfun lè gba imí-ọjọ́ mú. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà: gáàsì abẹ́ Òkun Àríwá, tí imí-ọjọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, gba ipò èédú ní ọ̀pọ̀ ilé iná. Òfin 2001 wá fún àwọn tí ó kù ní yíyàn: kí wọ́n pa iye mọ́, tàbí kí wọ́n kógbá wọlé kí 2015 tó parí. Ilé iná elédùú tí ó kẹ́yìn, Ratcliffe-on-Soar, ti ìlẹ̀kùn ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024.

Gáàsì imí-ọjọ́ tí ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ju mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù lọ ní 1970. Ní 2020, kò tó 200,000. Ẹja ti ń padà sínú odò Nọ́wè. Síbẹ̀, ilẹ̀ kì í tètè gbàgbé: títí di òní, àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń da ẹfun sínú odò wọn.